Dókítà Tó Fi Gírámà Bo Ọ̀rọ̀ Ọpọlọ Mọ́lẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó máa wá ẹni tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni, ta ni kò sì ní ọpọlọ?

1.
Dókítà kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé. Ó mọ iṣẹ́ ọpọlọ dunjú. Ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó síwájú makirofóònù, gírámà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Dókítà Gírámà làwọn èèyàn ń pè é, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i!

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni olóòtú ètò náà. Òun ló dá "Sọ Ọ́ Padà" sílẹ̀: tí dókítà bá sọ̀rọ̀ tán, olùgbọ́ kan á pè wọ́n, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó yé e. Tí kò bá yé e, dókítà á tún un sọ.

2.
Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ kan pè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo gbọ́ gbogbo sẹrẹburo-faskúlà yẹn látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wá ni kí n ṣe?"

Gbogbo sítúdíò bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe pa makirofóònù báyìí, dókítà kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Fagi lé ìsọkúsọ yẹn! Ṣé onígbàjámọ̀ ló máa wá dán mi wò?"

"Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé wọn ni."

"Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n."

"Ṣé òwe lẹ máa fi ké, tí iná bá ń jólé?"

Dókítà gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rédíò lọ, wọ́n sì fagi lé Sọ Ọ́ Padà. Ó dun àbúrò rẹ̀ wọra. Ó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ló bá tún ní rárá, òun ò ní í fi àwọn olùgbọ́ sílẹ̀ fún gírámà.

3.
Sátidé tó tẹ̀lé e, àrùn rọpárọsẹ̀ ni dókítà ń fi gírámà ṣàlàyé. Ìyá wọn jókòó ti rédíò nílé, aládùúgbò kan sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣàdédé ni ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún màmá. Ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ò já gaara.

"Ó rẹ̀ yín ni, Màmá. Ẹ sùn díẹ̀," ni aládùúgbò wí. Ó tilẹ̀ yí rédíò sílẹ̀ kí oorun lè gbé wọn lọ.

Ẹ̀yin ará mi, àrùn tó ń ṣe màmá gan-an lọmọ màmá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú rédíò yẹn! Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìgbà tí wọ́n fi gbé màmá dé ọsìbítù, ọjọ́ ti rọ̀. Ẹ̀mí ò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ti kú, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ lórí rédíò ni?" Dókítà jágbe mọ́ aládùúgbò.

"Mo gbọ́ ọ, sà," lobìnrin náà fi omijé dáhùn. "Kò yé mi ni."

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

4.
Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, àbúrò rẹ̀ ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti ilẹ̀kùn sítúdíò, ó jókòó sórí àga dókítà, ó tan makirofóònù.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, tí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ má ní kó sùn. Ẹ má fi òróró pa á lára. Ọsìbítù, lójú ẹsẹ̀! Ó yá, ẹ pè, ẹ sọ ọ́ padà."

Ọ̀gá rédíò ń gbá ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. "Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Ìyá mi tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni! Ẹ lé mi tí ẹ bá fẹ́, mi ò ní í pa makirofóònù yìí!"

Fóònù dún. Dókítà ló kọ́kọ́ pè, láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ padà láìsí gírámà kankan, tẹkúntẹkún.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ sọ ọ́ kó yé wa. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí kò bá yé yín, ẹ má máa mirí bí alángbá. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ, kẹ́nikẹ́ni má sì dójú tì yín. Ọpọlọ yín ni, kì í ṣe ti dókítà. Ẹni tí wọ́n bá sì gbà nímọ̀ràn, kó gbọ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.