Obìnrin Tó Wá Yẹ Iṣẹ́ Wa Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má dárúkọ mi o.

Géètì ọ́fíìsì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ni mò ń ṣọ́.

Obìnrin kan ti olú iléeṣẹ́ dé, ó wá yẹ iṣẹ́ wa wò.

“Mà, kò sí ẹni tí a ò mọ̀ ní ìlú yìí,” ọ̀gá wa ń fọ́nnu lẹ́nu géètì.

“Ṣé ẹ mọ èmi náà?”

Obìnrin náà tẹ́wọ́ sí ọ̀gá.

“Ọmọ tó kú sí àtìmọ́lé yín, èmi ni mo bí i. Olú iléeṣẹ́ ti fi mí sípò yín. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ẹ máa lọ.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Bàbá géètì, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?”

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnu géètì yìí ló ti sunkún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá máa ń lé ẹni tó bá mú ìròyìn burúkú wá kúrò níṣẹ́.

Inú mi ń dùn, mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

“Ọ̀gá, ọ̀nà rèé.”