Abẹ́rẹ́ Inú Ìbọn Delbert

Lọ́la ni ìjọba máa ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín ní Montana, ní Amẹ́ríkà.

Delbert ti tú ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná.

"Mo ki ọta sí i, mo fà á títí, kò dún," ó ń sọ fún Arlene, ìyàwó rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ tó ń lu ọta ni màá pààrọ̀."

Arlene ń bẹ pòtétò rẹ̀ lọ.

Delbert yọ abẹ́rẹ́ àtijọ́, ó gbé e sábẹ́ iná wò. Ojú ẹ̀ yí padà.

"Eléyìí ò ṣẹ́ fúnra ẹ̀ o! Ẹnì kan ló fi ayùn gé e lẹ́nu!"

"Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé? Ìbọn tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi!"

"Ọjọ́ tá a sin Wade ọmọ wa ni mo gé e."

Delbert fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ sórí tábìlì.

Arlene gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó wá wò ó lójú.

"Láti ọjọ́ yẹn, ìbọn yìí ò jáde nílé rí. Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò dún mọ́? Àgbọ̀nrín wo lo rí nínú yàrá wa, Delbert, àbí ìwọ gan-an ni àgbọ̀nrín náà?"