Tírígà Tí Kò Gba Àlejò

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán, pàápàá bí ẹ bá fọkàn tán ẹni tó ń bá yín ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi ò fọkàn tán wọn mọ́.

1. Frederick ló kọ ètò orí kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ti pọ̀ jù lójú kan, ó wá pín in sí àtẹ kéékèèké. Ẹ gbọ́ ohun tó fi pín in: regbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tiwa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú! Ó fi tírígà, ìlànà kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àkọsílẹ̀ bá ti ń wọlé, tírígà á fi orúkọ regbẹ́rẹ́gbẹ́ aláìsàn hun àṣẹ fúnra rẹ̀, á sì gbé e lọ sí àtẹ tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Dókítà bi í pé, "Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú ńkọ́?"

"Dókítà, ṣebí Ìjẹ̀bú la wà!"

Kí àṣìṣe má baà yọjú kó dójú tì í, ó ní bí tírígà ò bá rí àtẹ, kó dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó ń da àkọsílẹ̀ àwọn àlejò nù, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé ó ti wọlé.

2. Kò pẹ́ tí àkọsílẹ̀ fi ń dàwátì. Gbogbo ojú yí sí Mọ́ṣádé, nọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà.

"Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́! Mo fi Ọlọ́run bura!"

Frederick rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ obìnrin yìí o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Wọ́n ń tú báàgì rẹ̀ wò. Nígbẹ̀yìn, wọ́n lé e. Ó dùn mí dé egungun.

3. Ọmọ Èkìtì ni Jessica, ìyàwó Frederick. Kí wọ́n tó lé Mọ́ṣádé, abẹ́rẹ́ kan ti bá Jessica jà nílé ìwòsàn yẹn, Mọ́ṣádé sì tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má fún un mọ́. Lọ́jọ́ kan, ibà líle dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì tuntun wá orúkọ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló fún un. Jessica ò jí mọ́.

Frederick sáré dé, ó ń pariwo: "Ta ló pa àkọsílẹ̀ ìyàwó mi rẹ́? Ta ni?"

Dókítà dá a lóhùn. "Mọ́ṣádé ò sí níbí mọ́, Frederick. Ta ló kù tí a ó fura sí?"

Frederick ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ka tírígà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: kò sí àtẹ kankan níbẹ̀ fún ọmọ Èkìtì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kọ ètò, ẹ wá àyè fún ẹni tí ẹ ò retí, kí ẹ sì jẹ́ kí àṣìṣe pariwo. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó lé òṣìṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ tó ń dákẹ́, àti sí ẹni tó ní kó dákẹ́.