Iná Àjùmọ̀dá Nílé Òkété

Àlọ́ mi rú èéfín túú, ó wọ ilé Òkété ẹlẹ́nu dídùn lọ.

Àwọn ẹranko jọ dá iná sábẹ́ ìrókò. Ẹni tó bá fẹ́ a wá fọn iná lọ sílé, kálukú a sì ṣọ́ ọ bó bá ṣe kàn án. Òkété ní, "Ẹ gbé e wá sílé mi. Òjò ò lè pa á níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀bọ ọ̀lẹ ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n sì gbé iná lọ sílé Òkété. Ọ̀yà olóríkunkun nìkan ló bu ẹyin iná díẹ̀ sílẹ̀, tó ń fẹ́ ẹ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí òtútù dé, Òkété tilẹ̀kùn. Wọ́n bá kọrin:

Òkété, ṣílẹ̀kùn o,
*Ẹ fẹ́ná, ẹ fẹ́ná.*
Iná gbogbo wa ni,
*Ẹ fẹ́ná, ẹ fẹ́ná.*

Òkété dáhùn, "Iná yín ni, ilẹ̀kùn mi ni. Ẹ lọ ro oko mi ná."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ọ̀yà. Ó ní, "Ẹ wá fọn iná. Àmọ́ ta ló kàn láti ṣọ́ ọ?"

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Òkété fi ń wúkọ́ bọ̀. Èéfín ti lé e jáde nínú ilé tó tì pa. Ó jókòó tì wọ́n, ó nu ojú, ó ní, "Èmi ló kàn."