Fíìmù Tí Ohùn Rẹ̀ Ò Jáde

Adájọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pe bàbá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó sórí àga ìdájọ́ rí. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló jẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kí ojú rẹ̀ méjèèjì tó fọ́. Fíìmù ló ń dá lẹ́jọ́ báyìí. Nígbà ooru, tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ọlidé tí fíìmù tuntun sì ń ya wọ̀lú, Onífídíò tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà máa ń yá a ní mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, á jókòó tì í, á máa sọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ fún un. Èrò bàbá ni ọmọ á kọ sínú ìwé, Onífídíò á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwé yẹn ni wọ́n ń wá kà, wọn kì í yá fíìmù kankan.

Ìjà ni Adájọ́ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kì í gba irọ́ níbẹ̀. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá àwọn adigunjalè gba ọta ìbọn méje sáyà, ó sì tún ráyè dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Adájọ́ ní kí ọmọ kọ ọ́ pé òun ti rí ẹni tó gba ẹyọ kan péré, tí kò sì rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ká má tíì sọ ti ìyàwó. Nínú ìkejì, àwọn ọkùnrin méjì fi àdá jà lórí òrùlé fún ìdajì wákàtí, kò sẹ́ni tí ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́bùn nínú fíìmù yẹn, ẹ̀wù yẹn ni kí wọ́n fún.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí ìkẹta. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé ni ọmọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà, àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ọkọ ti dé láti ìrìn àjò láàárọ̀. Adájọ́ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn ńlá, bó ṣe máa ń rí tó bá dé. Nígbà tó yá, ilé dákẹ́. Ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi, ó sì pẹ́ kó tó tì í.

Ọmọ rẹ̀ aránṣọ wọlé. Ó ti fíìmù bọ ẹ̀rọ, ó jókòó. Kò sí ohun tó dún.

Ó ní, “Bàbá, ohùn rẹ̀ ò jáde. Àmọ́ àwòrán wà. Màá máa sọ ọ́ fún yín.”

“Ó dáa. Máa sọ.”

Ó ní obìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ó ti yọ eyín rẹ̀ méjì, ó ti ṣẹ́ apá rẹ̀, obìnrin náà á sì máa fi ẹ̀rín bò ó níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ jókòó, ó ń jẹun. Ó ní tóun bá jẹun tán, ó kan ọmọ wọn, pé ó ti tó ẹni tó ń jẹ nínú ẹgba. Obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọṣọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó là á mọ́ ọn lórí. Agbárí dún. Ọkùnrin fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e, ó fa aṣọ tábìlì mọ́ra, abọ́ tẹ̀lé e wálẹ̀. Obìnrin tún là á mọ́ ọn, ó tún là á mọ́ ọn, títí èèyàn ò fi mọ èyí tó jẹ́ ọbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ nílẹ̀.

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo fíìmù. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó. Ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bi í pé ibo ló bá a. Ọmọ ní ẹ̀yìn orí, lápá ọ̀tún. Ó bi í bóyá ọkùnrin náà kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọmọ ní ó kẹ̀yìn sí i. Ó bi í pé áyọ́ọ̀nù ńkọ́. Ọmọ ní ó wà lábẹ́ tábìlì. Ó bi í pé ta ló rí i. Ọmọ ní kò sẹ́ni.

“Ọkùnrin tó jókòó, tó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, tó ń jẹun,” Adájọ́ sọ, “afọ́jú gan-an lè là á lórí. Ibẹ̀ yẹn ṣeé gbà gbọ́. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ta ló máa tọ́ ọ?”

“Bàbá, mi ò tíì wò ó débẹ̀.”

“Má kọ èyí sílẹ̀. A kì í dá ẹjọ́ ohun tá ò gbọ́. Má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ Onífídíò. Ẹni tó bá ń sọ ìparí fíìmù kiri ló ń bà á jẹ́.”

Ó ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ, torí òógùn ń rùn lára rẹ̀, kó sì rẹ èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà kó lọ mú ọmọ rẹ̀ níbi ẹ̀kọ́ ọlidé, kó dá fídíò padà, kó sì dúró ní ṣọ́ọ̀bù títí Onífídíò á fi ka ìwé tí wọ́n kọ lórí fíìmù méjì àkọ́kọ́ tán. Tí Onífídíò bá jiyàn, kó bá a jiyàn. Ọmọ kúnlẹ̀, ó di orúnkún bàbá mú. Adájọ́ fọwọ́ pa á lórí, ó ní kó máa lọ, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́ta.

Nígbà tó gbọ́ tí géètì tì, ó mú fóònù, ó pe ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, tó jẹ́ pé Adájọ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní wọ́n ti pa ọkọ ọmọ òun, pé ẹni tó pa á wà nílé, kò sì ní sá. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní òun ti wádìí rẹ̀ délẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ara ògiri lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ẹ̀gbẹ́ òkú ni wọ́n bá a tó jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ ti wọ ẹ̀wù rẹ̀ débi àyà, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa kọ ọ́ bóun ṣe ń sọ ọ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun là á mọ́ ọn, lẹ́yìn orí, lápá ọ̀tún, nígbà tí ọmọ òun ò sí nílé.