Ilé Ológìnní Tó Wọ Inú Ìkòkò

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ìlú tí Ológìnní kò ti nílé.

Òjò ń pa òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígboro. Gbogbo ìlú bá dá ẹja gbígbẹ jọ láti tà, kí wọ́n lè fowó rẹ̀ kọ́lé fún wọn, wọ́n ní kí Ajá máa tọ́jú ẹja náà. Ajá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣèpàdé ná." Gbogbo ìpàdé ló ń fi ẹja náà se ọbẹ̀, àwọn àgbà sì ń lá ọwọ́.

Nígbà tó yá, Ológìnní gbé ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ń bá jà wá sípàdé. "Ẹ̀yin bàbá, ilé wa dà?"

"Ìyá Onírunmú, òrùlé la ṣì ń jíròrò lé lórí," Ajá dáhùn. "Ẹ ní sùúrù."

Ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà, rẹ́rìn-ín. "Kẹ́ ẹ sì bá wa sọ fún òjò yẹn kóun náà ní sùúrù!"

Òórùn ọbẹ̀ gba imú Ológìnní. Ó bú sórin:

Lílé: Òjò ń pa ọmọ mi o.
Ègbè: Ẹja dà?
Lílé: Ajá nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́.
Ègbè: Ẹja dà?

Nílùú yẹn, ẹni tó bá gbọ́ orin gbọ́dọ̀ gbè é. Àkùkọ lanu láti gbè é, egungun ẹja jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ni gbogbo àgbà bá fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wolẹ̀. Àwọn ọmọ Ológìnní tí òtútù ń pa, àwọn nìkan ló ń gbè é.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sorí kọ́ sí.