Ìpè Orúkọ Lẹ́yìn Ilé Hẹ́ńdíríkì

Òyìnbó Họ́láńdì ni Hẹ́ńdíríkì, ṣùgbọ́n òun àtàwọn ọmọ ìlú wa ló jọ jagun Bọ́mà. Nígbà tógun parí, ó bá wọn wálé, ó fẹ́ Àyọ̀ká àbúrò mi tó di ìyá Dérìn, ó ń ṣe káfíńtà. Òun ló kan pósí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, la bá gbọ́ ẹni tó ń pe orúkọ àwọn sójà náà lẹ́yìn ilé. Àwọn òkú ọ̀hún sì ń dáhùn: “Sà!”

“Bàbá Dérìn, ẹ má dáhùn. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tá ò rí níbí.”

“Ìyá Dérìn, ṣé kí wọ́n ní mo sá ni?”

“Hẹ́ńdíríkì!”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu pinpin. Ohùn rẹ̀ dáhùn láti ìta: “Sà!”